Omi tó ń fà bí ilá: ìtàn ìṣirò kan tó ń bàjẹ́ mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́

1/ Ẹ wá jókòó, thread gígùn ni. Ìtàn àwọn tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà mọ bí omi tó ń fà bí ilá ṣe ń ṣàn nígbà tó bá ń rú gùdù ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ kíláàsì. Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ọ̀rọ̀ òótọ́ àti ẹ̀rí ọkàn ló wà nídìí ẹ̀.

2/ Bó ṣe kàn mí nìyí. Mo kọ ètò kékeré kan sórí laptop mi pé kó bá mi ṣírò irú omi bẹ́ẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ mọ́jú. Nígbà tí mo jí, gbogbo nọ́ńbà ojú ẹ̀ ti di NaN. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń fi NaN sọ ni pé, "Ọ̀gá, èyí kì í ṣe nọ́ńbà mọ́." Odindi òru kan, pẹ̀lú epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo ẹ̀ wọgbó.

3/ Mo bi ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà. Wọ́n ní, "Àbúrò, ìyẹn ò le. Fi nǹkan díẹ̀ kún ìṣirò ẹ, á dúró." Mo fi kún un. Ó dúró lóòótọ́. Àwòrán tó jáde rẹwà, ó ń dán. Ṣùgbọ́n ara mi ò balẹ̀. Nǹkan tí mo fi kún un yẹn, ṣé ó wà nínú omi gidi? Kò sí níbẹ̀ o. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn ẹ̀ kiri.

4/ Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn dáadáa. Ní 1687, Isaac Newton sọ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé Principia rẹ̀. Ó ní ká ka omi sí ìpele lórí ìpele tó ń yọ̀ kọjá ara wọn. Bí ìyára tí wọ́n fi ń kọjá ara wọn bá di ìlọ́po méjì, ìdènà tó wà láàárín wọn náà á di ìlọ́po méjì. Omi lásán ń tẹ̀lé òfin yìí. Afẹ́fẹ́ náà ń tẹ̀lé e.

5/ Ṣùgbọ́n ẹ wọ ilé ìdáná. Ẹ fi ṣíbí bu ọbẹ̀ ilá: ó ń fà tẹ̀lé ṣíbí, tó bá já, á sún padà sínú ìkòkò bíi rọ́bà. Ẹ wo ketchup: á le mọ́ ìdí ìgò, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, á rọ̀, á dà. Ẹ̀jẹ̀ ara wa náà, bí wọ́n bá ṣe ń fipá lé e sí i ló ń fẹ́lẹ́ sí i. Gbogbo ìwọ̀nyí ò gbọ́ ti Newton. Non-Newtonian ni wọ́n ń pè wọ́n. Irú ti ilá ni thread yìí dá lé, "omi tó ń fà" ni màá sì máa pè é.

6/ Kí ló ń mú un fà? Mólékù gígùn gbọọrọ ló wà nínú ẹ̀, bí okùn tó ká jọ. Pọ́límà là ń pè é. Tí ìṣàn bá fà á, okùn náà á nà. Tí ìṣàn bá fi í sílẹ̀, á fẹ́ ká padà. Ìyẹn ni pé omi tó ń fà máa ń rántí ohun tí wọ́n ṣe fún un ní ìṣẹ́jú tó kọjá. Omi lásán kì í rántí nǹkan kan.

7/ Ìṣàn pàápàá, irú méjì ni. Ní 1883, ní Manchester, Osborne Reynolds jẹ́ kí omi gba inú ọ̀pá gíláàsì kọjá, ó wá fi aró tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ẹ̀. Tí omi bá rọra ń lọ, aró náà á lọ tààrà bí okùn. Tí ìyára bá kọjá ìwọ̀n kan, aró á ṣàdédé dà rú, á kún gbogbo inú ọ̀pá. Àkọ́kọ́ ni ìṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Èkejì ni ìrúkèrúdò.

8/ Ìrúkèrúdò ń náni lówó o. Gbogbo bí omi ṣe ń yí bìrí-bìrí nínú páìpù yẹn, agbára pọ́ǹpù ló ń jẹ. Ẹni tó ń ti epo rọ̀bì gba páìpù ọ̀pọ̀ kìlómítà kọjá ń sanwó fún un lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí ò fi jẹ́ eré ọmọ ilé-ìwé lásán.

9/ Ẹ lè ní, ṣé kò sí ìdọ́gba tó máa sọ bí omi ṣe ń rìn ni? Ó wà. Claude-Louis Navier kọ ọ́ ní 1822, George Stokes gbé e kalẹ̀ dáadáa ní 1845. Òun la ṣì ń lò títí dòní. Wàhálà ibẹ̀ ni pé, fún omi tó ń rú, kò sẹ́ni tó lè fi bírò àti ìwé yanjú ẹ̀ tán.

10/ Ọ̀nà tó kù ni ká máa ṣírò ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ká pín àyè sí ojú kéékèèké bí ojú àwọ̀n ẹja. Ká pín àkókò náà wẹ́wẹ́. Ká wá máa bi ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan pé, "Níbi tí o wà yìí, báwo lomi ṣe ń sáré, ibo ló dorí kọ?" Tí a bá dé òpin, ká tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fún àkókò tó tẹ̀ lé e.

11/ Nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀, ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Lewis Fry Richardson. Ọmọ ìjọ Quaker ni, kò lè gbé ìbọn, ló bá lọ ń wa ọkọ̀ tó ń gbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Láàárín iṣẹ́ yẹn ló ti ń fi ọwọ́ ṣírò bí afẹ́fẹ́ ojú sánmà ṣe máa yí padà. Afẹ́fẹ́ náà ń ṣàn, ó sì ń rú bí omi.

12/ Wákàtí mẹ́fà péré ló fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, fún 20 May 1910, ọjọ́ tó ti kọjá tipẹ́, kó lè fi ìdáhùn ẹ̀ wé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ìwé tó kọ ọ́ sí tiẹ̀ sọnù lójú ogun ní 1917. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni wọ́n rí i lábẹ́ òkìtì èédú ní Belgium.

13/ Ìdáhùn ẹ̀ ńkọ́? Ó ní ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ máa fi millibar 145 ga sí i láàárín wákàtí mẹ́fà yẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Àṣìṣe ńlá gbáà ni. Ká ní èmi ni, mo máa ti da ìwé yẹn padà sábẹ́ èédú.

14/ Richardson tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1922. Ó tẹ àṣìṣe náà, ó tẹ gbogbo nọ́ńbà tó lò àti gbogbo ìgbésẹ̀ tó gbé. Torí pé ó ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e lè padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí ibi tó ti wọ́: nọ́ńbà tó fi bẹ̀rẹ̀ ò bára wọn mu dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwà ọkùnrin yìí sọ́kàn. A máa padà sídìí ẹ̀.

15/ Ó yá, ká padà sórí omi tó ń fà. Ní 1946, ará Britain kan tó ń jẹ́ B. A. Toms ń ti ohun olómi kan tí wọ́n ń pè ní chlorobenzene gba inú páìpù. Ó ti po pọ́límà tí wọ́n fi ń ṣe gíláàsì oníke mọ́ ọn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: tí o bá po nǹkan mọ́ omi tó sì ki sí i, ṣé kò yẹ kó fà sẹ́yìn ni?

16/ Tó bá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń fà sẹ́yìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìṣàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ọ̀rọ̀ yí padà. Agbára kan náà ni Toms fi ń tì í, àmọ́ èyí tó ki yìí ń jáde ju èyí tí kò ní pọ́límà lọ. Ó ki sí i, ó sì yára sí i! Ó lọ sọ ọ́ níbi ìpàdé àgbáyé kan ní Scheveningen, ní Netherlands, ní 1948. Títí dòní, orúkọ ẹ̀ la fi ń pe nǹkan náà.

17/ Òun nìkan kọ́ ló rí i. Lákòókò Ogun Àgbáyé Kejì, Karol Mysels àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń ti epo pẹtiróòlù tí wọ́n fi napalm mú ki gba páìpù, àwọn náà rí irú ẹ̀. Iṣẹ́ ogun ni, kò tètè jáde síta. Bẹ́ẹ̀ ni, napalm tí ẹ mọ̀ yẹn ni. Ìmọ̀ kì í fìgbà gbogbo wá láti ibi tó dára.

18/ Báwo ni pọ́límà náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Gíráàmù kan nínú omi líta 100 lè tó láti ṣiṣẹ́. Tó bá wá ṣiṣẹ́ dójú àmì, ìfàsẹ́yìn inú páìpù lè dín ní nǹkan bí 80 nínú 100. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn panápaná New York dán an wò nínú okùn omi wọn. Ní 1979, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ẹ̀ sínú páìpù epo ńlá tó la Alaska já.

19/ Ohun kan wá ń ya àwọn olùwádìí lẹ́nu. P. S. Virk, ní MIT, kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìdánwò jọ ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé ààlà kan wà. Ìfàsẹ́yìn máa ń dín, á dín, á dé ìlà kan, á dúró. Pààrọ̀ pọ́límà, fi kún un, yọ nínú ẹ̀: ìlà kan náà ni. Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀ gan-an? Kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé ẹ̀ kó yé ayé.

20/ Kódà kò sẹ́ni tó dájú lórí bí pọ́límà ṣe ń ṣiṣẹ́. John Lumley sọ pé bí ìrúkèrúdò bá ṣe na àwọn okùn yẹn, omi ibẹ̀ máa ń le láti fà, ìyẹn ló ń pa ìyípo omi. Pierre-Gilles de Gennes, ní 1986, ní rárá o, sípíríǹgì ni wọ́n: wọ́n ń gba agbára lọ́wọ́ ìyípo omi, wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sínú ara wọn kó tó di pé ó jó dànù. Àgbà méjì, àlàyé méjì.

21/ Ta ló máa dá ẹjọ́ náà? O ò lè wọnú páìpù tí omi ń rú nínú ẹ̀ lọ wo bí mólékù ṣe ń nà. Ó kéré jù, ó yára jù. Ibi tó kù láti wò ó ni inú ìṣirò. Ọ̀nà tó já sí kọ̀ǹpútà nìyẹn.

22/ Kọ̀ǹpútà náà ti ń dàgbà bọ̀. Ní 1972, Steven Orszag àti G. S. Patterson ṣírò ìrúkèrúdò omi lásán lórí àwọ̀n tó ní ojú 32 lọ́nà mẹ́ta, àpapọ̀ 32,768. Ní 1987, John Kim, Parviz Moin àti Robert Moser, ní NASA Ames ní California, lo ojú bíi mílíọ̀nù mẹ́rin fún omi tó ń ṣàn láàárín ògiri méjì. Nǹkan bíi wákàtí 250 ni ìṣirò náà gbà lórí ẹ̀rọ Cray. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣì ń fi tiwọn wé é dòní.

23/ Omi lásán nìyẹn o. Ní ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà mẹ́rin lo nílò: ìyára lọ́nà mẹ́ta àti ìtẹ̀ ibẹ̀. Tó bá jẹ́ omi tó ń fà, wàá fi nọ́ńbà mẹ́fà míì kún un, tó ń sọ bí àwọn okùn pọ́límà ibẹ̀ ṣe nà tó àti ibi tí wọ́n kọjú sí. Wọ́n ní ká ka mólékù kọ̀ọ̀kan sí ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí sípíríǹgì kan so pọ̀, sípíríǹgì tí kò lè nà kọjá ìwọ̀n kan.

24/ Ibí gan-an ni NaN mi ti ń bọ̀. Ẹ gbọ́ dáadáa. Nínú nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, gígùn sípíríǹgì tí a fi sọ ara ẹ̀ di púpọ̀ wà níbẹ̀. Ṣé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lè kéré sí òdo? Láéláé. Okùn tí gígùn ẹ̀ kéré sí òdo ò sí láyé. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé okùn ni. Nọ́ńbà ló mọ̀. Tó bá ṣì í ṣírò díẹ̀ tó sì bọ́ sábẹ́ òdo, kò ní í pariwo. Á kàn máa ṣírò lọ títí gbogbo ẹ̀ á fi fọ́.

25/ Kí ló ń mú un ṣì í? Pọ́límà tí omi ń fà kì í nà káàkiri bákan náà. Ó máa ń nà jọ síbì kan, á di ìlà tín-ín-rín bí abẹ́ ìwé. Ìlà náà lè tín-ín-rín ju ojú àwọ̀n rẹ lọ. Ìṣirò á fẹ́ gbá a mú, kò ní lè gbá a mú. Á fò kọjá ẹ̀ sókè, á fò kọjá ẹ̀ sísàlẹ̀. Sísàlẹ̀ yẹn ni òdo wà.

26/ Wàhálà yìí ní orúkọ láti ọjọ́ pípẹ́: wọ́n ń pè é ní ìṣòro nọ́ńbà Weissenberg gíga. Karl Weissenberg ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ nọ́ńbà náà. Ohun tí nọ́ńbà ọ̀hún ń wọ̀n ni bí ìṣàn ṣe ń yára na okùn sí bí okùn ṣe ń yára ká padà. Láti àwọn ọdún 1970 ni ìṣirò àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gidi ti ń bàjẹ́ bí nọ́ńbà yìí bá ti ga. Ìgbà tí mo kà á ni ọkàn mi fúyẹ́. Kì í ṣe èmi nìkan!

27/ Ní 1995, Radhakrishna Sureshkumar àti Antony Beris, ní yunifásítì Delaware, gbé àtúnṣe kan kalẹ̀ fún irú ìṣirò yìí. Bí ìlà náà bá mú jù, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká fi nǹkan díẹ̀ tú u ká. Ẹ rò ó bí ìgbà tí èèyàn fi pẹ́ńsù fa ìlà, tó wá fi ìka pa á títí tó fi ràn. Ìlà tó ti ràn ò mú mọ́. Ìṣirò lè gbá a mú. "Nǹkan díẹ̀" tí ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi kún un nìyẹn.

28/ Ó ṣiṣẹ́! Ní 1997, àwọn méjèèjì pẹ̀lú Robert Handler tẹ ìṣirò ìrúkèrúdò omi tó ń fà jáde, láàárín ògiri méjì, láti orí ìdọ́gba fúnra ẹ̀. Àkọ́kọ́ irú ẹ̀ ni. Ìfàsẹ́yìn dín kù nínú kọ̀ǹpútà bó ṣe dín kù nínú páìpù Toms. Nọ́ńbà Weissenberg gbọ́dọ̀ kọjá ìwọ̀n kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Ìyípo omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri di aláìlágbára. Ìdánwò gidi ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

29/ Mo fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún wọn níbí. Wọn ò fi ohun tí wọ́n ṣe pamọ́. Odindi àpilẹ̀kọ ni ti 1995 yẹn jẹ́ lórí ìka tí wọ́n fi pa ìlà: bó ṣe yẹ kó kéré tó, ohun tó ń ṣe fún ìṣàn. Láìsí ìka yẹn, kò ní sí 1997. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà rọrùn, ó sì tàn ká. Nígbà tí nǹkan bá ti di àṣà, ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe: a kì í bi í léèrè mọ́.

30/ Àwọn míì gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2004, Raanan Fattal àti Raz Kupferman, ní Jerusalem, ní kí la wá fẹ́ máa ṣírò gígùn náà fúnra ẹ̀ fún? Ẹ jẹ́ ká ṣírò log ẹ̀. Log lè wà lókè òdo, ó lè wà nísàlẹ̀ òdo, kò sí wàhálà. Tí o bá yí i padà sí gígùn, gígùn náà ò ní bọ́ sábẹ́ òdo láéláé. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo pàtẹ́wọ́ nínú yàrá mi. Èmi nìkan.

31/ Wàyí o. Ní 2013, Devranjan Samanta, Björn Hof àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pawọ́ pọ̀ lórí ìdánwò páìpù àti ìṣirò kọ̀ǹpútà. Wọ́n rí ìrúkèrúdò kan tí kì í ṣe irú ti Reynolds. Tí pọ́límà inú omi bá pọ̀ tó, omi náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rú ní ìyára tí omi lásán ṣì máa fi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Okùn pọ́límà tó yẹ kó pa ìrúkèrúdò ló wá ń dá tirẹ̀ sílẹ̀!

32/ Ìyẹn ló wá fún ìlà Virk ní ìtumọ̀ tuntun. Bóyá ohun tó fà á tí ìfàsẹ́yìn ò fi lè dín kọjá ibẹ̀ ni pé nígbà tí ìrúkèrúdò àtijọ́ ń kú lọ, tuntun yìí ń jí bọ̀. Ní 2018, George Choueiri, Jose Lopez àti Hof fi hàn nínú páìpù pé, tí ìwọ̀n pọ́límà àti ìyára bá ṣe déédéé, èèyàn lè kọjá ìlà Virk. Àtijọ́ ti kú, tuntun ò tíì jí, ìṣàn náà padà di wọ́ọ́rọ́wọ́.

33/ Báwo ni ìrúkèrúdò tuntun yìí ṣe rí? Abẹ́ tín-ín-rín tín-ín-rín ni, pọ́límà tó nà tó sì tò gbọọrọgbọọrọ. Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn. Ìlà tín-ín-rín. Kí ni ìka wa ń pa láti ọjọ́ yìí?

34/ Ní 2018 yẹn náà, Samir Sid, Vincent Terrapon àti Yves Dubief dán an wò lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n fi ìka yẹn sínú ìṣirò wọn, ní ìwọ̀n tí àwọn èèyàn ti ń lò. Ìrúkèrúdò tuntun náà pòórá, kò ku àmì kan. Ohun tí a fi ń gba ìṣirò là ni ó ń pa ohun tó yẹ kí ìṣirò náà fi hàn wá. Ẹni tó bá fi ìka kún tiẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lè jókòó tì í títí, kò ní rí i.

35/ Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Láti 1997 dé 2018, ẹ kà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́ lèyí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Kò sẹ́ni tó purọ́. Àwòrán tó dára, tó ń dán, tó bá ìdánwò mu dé ìwọ̀n kan, ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa béèrè pé kí ló wà lábẹ́ ìka.

36/ Àti pé ìka pàápàá kì í fìgbà gbogbo burú. Ẹ rántí Richardson? Peter Lynch padà ṣe ìṣirò ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó kọ́kọ́ tún àwọn nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ṣe kí wọ́n bára wọn mu. Millibar 145 yẹn wá sílẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo, bó ṣe rí lọ́jọ́ náà. Àtúnṣe ló gba ti Richardson là. Àtúnṣe ló pa tiwa mọ́lẹ̀. Irinṣẹ́ ni, bíi ọ̀bẹ.

37/ Kí ló wá yàtọ̀? Lójú tèmi, ohun kan ṣoṣo: ṣé o kọ ọ́ sílẹ̀? Sureshkumar àti Beris kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi lè yọ ìka náà kúrò lẹ́yìn ogún ọdún kó wo ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Àtúnṣe tí a kọ sílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tún un ṣe. Èyí tí a gbé mì, ó di òtítọ́ lójú gbogbo ayé, kò sì sí ibi tí èèyàn fẹ́ gbà tú u.

38/ Tèmi ńkọ́? Mo yọ ìka náà. Mo tún ètò mi kọ pẹ̀lú ọ̀nà log. Ojú àwọ̀n mi ní láti kéré sí i, torí náà òru kan ti di òru mẹ́rin, ẹ má bi mí nípa epo jẹnẹrétọ̀. Àwòrán tuntun ò dán tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ní ìlà wẹ́wẹ́ káàkiri tí mi ò tíì mọ̀ bóyá omi ló ni ín tàbí àṣìṣe mi. Mo ti kọ ìyẹn náà sójú ìwé àkọ́kọ́, gàdàgbà.

39/ Mo fi han ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Èyí ò dára tó ti àkọ́kọ́ o." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Wọ́n tún wò ó. Wọ́n ní kí n fi ètò náà ránṣẹ́ sí àwọn, àwọn fẹ́ lọ yọ ìka nínú tiwọn náà wò.

40/ Ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò, ìwádìí, àkáǹtì, ohunkóhun tó ní nọ́ńbà nínú: ibi tí o ti fi ìka pa á, kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá sì ń se ilá lónìí, ẹ fi ṣíbí fà á wò kí ẹ tó jẹ ẹ́. Ìbéèrè wà? Ẹ bi mí nísàlẹ̀.